Ìbínú Keje

Ohùn mi ló máa ń kó bá mi. Kí n tó dé ìlú òyìnbó, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí l'Óṣogbo. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ẹ̀kọ́ náà bàjẹ́ ní ọdún tí mo débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí láti tún un ṣe, torí wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Tí mo bá dúró lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ tí mo ní "Ẹ dákẹ́," àwọn ọmọ á dákẹ́, àwọn olùkọ́ á dákẹ́, àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́yìn ọgbà náà á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò ní parọ́.

Ohùn yìí ni mo gbé wá sí ìlú tí àwọn èèyàn ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Òun ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ síbí, èmi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo sì tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́ta lọmọ náà nígbà yẹn. Ó ti pé mẹ́rìndínlógún báyìí. Rochdale, lẹ́bàá Manchester, là ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tó fara mọ́ra wọn títí dé ìpẹ̀kun àdúgbò, tí o bá sín, aládùúgbò á ti gbọ́. Èmi ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó kan ní Wigan. Ọ̀gá mi níbẹ̀, ọmọbìnrin tí mo lè bí, ti pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ ohùn yìí. Ó ní wọ́n fẹjọ́ mi sùn pé mò ń jágbe mọ́ àwọn arúgbó. Mo ní mò ń kí wọn ni. Ó ní kí n máa kí wọn níwọ̀nba. Bàbá kan tí etí rẹ̀ ti di nìkan ló gbè mí lẹ́yìn. Ó ní èmi nìkan lẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, pé ṣe làwọn yòókù kàn ń jẹnu lásán.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìyàwó mi rí ìkéde kan nínú gúrúùpù àwọn Yorùbá lórí fóònù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan nítòsí Hulme ń wá ọkùnrin tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí ohùn rẹ̀ sì ti gbó, kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ sínú géèmù kan.

"Dádì, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá," ó ní.

Mo ní èmi, géèmù? Odidi èmi tí mo ti gba géèmù lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn títí tí dírọ́ọ̀ mi fi kún. Ó ní ohùn náà kúkú ti ń ba ilé jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó lọ wúlò níbòmíì ná. Obìnrin yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó kun irun rẹ̀ láwọ̀ ewé ló gbà mí lálejò. Òun ló ń darí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sínú géèmù náà. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù tí mo fi ń ṣàlàyé oògùn fún àwọn arúgbó mi. Ìjọba mẹ́ta ló ń bára wọn jagun: ìjọba àwọn iwin inú igbó, ìjọba àwọn òkúta tó ń rìn, àti ìjọba wúrà, níbi tí àwọn èèyàn dúdú ti ń gun erin tí eyín rẹ̀ jẹ́ kìkì wúrà. Kì í ṣe bí ayò, tí èmi á ta tèmi, tí màá sì dúró kí ìwọ náà ronú kó o tó ta tìrẹ. Kò sí ìdúró níbẹ̀. Gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o ṣe ń kọ́ ilé lápá ibí ni wọ́n ń dáná sun ún lápá ọ̀hún. Èmi ni màá jẹ́ gbogbo ọkùnrin ìjọba wúrà, láti orí ológun títí dé orí ẹni tó ń wa wúrà nílẹ̀. Tí ẹni tó ń gbá géèmù bá ti tẹ ọ̀kan nínú wa, kí n dáhùn.

Mo béèrè ẹni tó kọ́ wọn ní nǹkan Yorùbá tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ó ní wọ́n wo fọ́tò tó pọ̀ gan-an.

Wọ́n gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n yí àwọn ìdáhùn inú rẹ̀ sí Yorùbá. "Bẹ́ẹ̀ ni?" "Kí lo fẹ́?" "Mo ti ṣetán." Mo kà á tán, mo bọ́ awò ojú mi sílẹ̀. Mo ní irú èyí ò lè ṣẹlẹ̀. Ọba pè ọ́, o ní "Kí lo fẹ́?" Nílé ta ni? Mo ṣàlàyé fún wọn pé ológun tí wọ́n bá tọ́ dáadáa, tí àgbà bá pè é, á kọ́kọ́ kí àgbà náà kú iṣẹ́, á kí i kú ìnira ogun, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ni á tó wá béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ rán òun lọ. Onírun ewé fọwọ́ lé àyà. Ó ní ohun tí àwọn ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn, ojúlówó. Gbogbo wọn níbẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ oúnjẹ.

Ni mo bá kí. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi kí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ogun. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara ò ro yín? Ibo lẹ fẹ́ kí n lọ?" Mo fi ìdọ̀bálẹ̀ kún un nínú yàrá yẹn, kí ohùn lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní kò pọn dandan. Mo ní fún òun ni kò pọn dandan.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti fún àwọn kan ní géèmù náà kí wọ́n dán an wò, ìjọba wúrà ò sì tíì borí rí. Àwọn ológun mi ń kú. Iwin á ti dé tòun ti idà, ológun mi á ṣì máa béèrè ara àwọn ọmọ. Onírun ewé ní ṣé mo lè gé e kúrú. Mo ní èwo ni kí n gé, ṣé ìyàwó ni àbí ọmọ? A fà á síbí, a fà á sọ́hùn-ún, a wá fẹnu kò sórí "Ẹ káàárọ̀" nìkan. Mo ní ọ̀sán ńkọ́, ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ó ní nínú géèmù náà, oòrùn kì í wọ̀.

Wọ́n mú mi fọwọ́ sí ìwé pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni títí géèmù á fi jáde. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyàwó mi. Ìyàwó mi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi gúrúùpù. Kó tó di ọjọ́ Sunday, wọ́n ti ń pè mí ní òṣèré. Ìyá kan fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ń bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n kí n rántí ilé tí mo ti wá o, kí n má gbà kí wọ́n fún mi ní obìnrin fẹnu kò lẹ́nu. Mo dá a lóhùn pé àwọn erin nìkan ló yí mi ká.

Ọmọbìnrin wa nìkan ni kò gbọ́, torí kò sí nínú gúrúùpù, nǹkan sì máa ń wà létí rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá rẹ̀ láti kó àwọn abọ́ tó ti ń hu nǹkan jáde, mo gbójú sókè, mo rí àwòrán erin eléyín wúrà lára ògiri. Èmi pẹ̀lú abọ́ mẹ́rin lọ́wọ́, mo dúró gbagidi. Mo béèrè ohun tó jẹ́, bíi pé mi ò mọ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó yọ nǹkan etí rẹ̀, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ ju bó ṣe bá mi sọ látọdún kan sẹ́yìn lọ, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Manchester tí mo ń gbọ́ ìdajì rẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ti ń dúró de géèmù yìí látọdún méjì. Ọjọ́ Saturday kan báyìí ló máa jáde, wọ́n sì ti ń ka ọjọ́.

Mo gbé abọ́ jáde, inú mi ń dùn bí ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Látìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ohùn mi ti ń ti ọmọ yìí lójú. Tí mo bá ń fóònù nínú bọ́ọ̀sì, á sún sí ìjókòó míì. Ọjọ́ ìpàdé òbí, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kóun nìkan wá. Mo wá rò ó pé ọjọ́ yẹn, á tẹ ológun kan, ológun á sọ̀rọ̀, á sì rí i pé ohùn bàbá òun ni gbogbo ayé ń rà. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Àṣé mi ò ní lè mú ohùn náà mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sán ọjọ́ kan mò ń bọ̀ láti Wigan, mo ń kọjá níbi tí tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ti ń dúró ní Rochdale, ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀. Ó ti ká síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé lẹ́ẹ̀mẹta ní ìbàdí, ó ń jẹ chips lójú ọ̀nà. Ó rí mi. Mo rí i pé ó rí mi. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọjá bí ẹni pé òpó iná ni mí.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Odidi orúkọ, ti ilé àti ti ilé ìwé. Ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé gbéra. Ohun tó tẹ̀lé e, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀: mo bẹ̀rẹ̀ látorí chips, mo ti ibẹ̀ bọ́ sórí síkẹ́ẹ̀tì, mo dé orí ẹ̀kọ́ ilé, mo dé orí ìyá tó bí i, mo sì tún padà sórí chips. Onítram yọ orí jáde wò wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin onírun pupa kan tó ga, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bíi pé ọlọ́pàá ló dá wọn dúró. Ọmọ mi ò sunkún. Ó rọra kó chips yòókù sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì ń lọ sílé níwájú mi láìwẹ̀yìn.

Látọjọ́ yẹn ló di "Fine." Ṣé o jí dáadáa? Fine. Ilé ìwé ńkọ́? Fine. Òjò ti wọ bàtà rẹ o. Fine. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ló ń lò fún ohun gbogbo, ó sì ń pa mí lára.

Kó tó di ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé mo ṣàṣejù. Mi ò nílò ẹni tó máa sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí i: bàbá wo lẹ rí tó ń bẹ ọmọ nílé yín? Bàbá tèmi nà mí lọ́jọ́ kan lórí àwo tí kì í ṣe èmi ni mo fọ́. Nígbà tó wá rí i pé ewúrẹ́ ló fọ́ àwo, kò sọ nǹkan kan. Ó yọ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sínú abọ́ mi. Mo jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ parí, títí bàbá náà fi kú a ò dárúkọ àwo mọ́. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ níbi tí mo ti wá nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́ fún wa dáadáa. Èmi náà bá mú ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, mo gbé e sínú abọ́ ọmọ mi. Ó wò ó. Ìyá rẹ̀ ló wá rán mi létí pé ọmọ náà ò jẹ ẹran mọ́ láti bí oṣù mẹ́jọ. Ilẹ̀ yìí ti gba gbogbo irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pè mí padà sí Hulme. Onírun ewé ní ó ku ìbínú. Mo ní ìbínú kí? Ó ní àwọn tó ń gbá irú géèmù yìí ní ìwà pálapàla kan: wọ́n á máa tẹ òṣìṣẹ́ kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ láìrán an níṣẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe máa gbaná jẹ. Torí náà òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìbínú mẹ́wàá, látorí Ìbínú Kìíní títí dé Ìbínú Kẹwàá. Ó ní kí n gbé ìwé tì, kí n sọ ohun tó bá wà lọ́kàn mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú ilé náà.

Kò le rárá níbẹ̀rẹ̀. "Mo gbọ́." "Mo ní mo gbọ́." "Ṣé ọwọ́ ń yún ẹ ni?" "Lọ tẹ ẹlòmíì, èmi nìkan kọ́ ló wà lóko." "Ọmọ ẹnì kan lèmi náà o." "Ó tó gẹ́ẹ́." Lórí ìkẹfà yìí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì, ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́. Iná pupa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tún tàn fún ìkeje. Yàrá náà pa lọ́lọ́, wọ́n ti fi fóòmù bo gbogbo ara ògiri. Mo la ẹnu kí n bínú, ohun tó jáde ni:

"Má bínú, ọmọ mi. Ohun tí mo ṣe fún ẹ lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò dáa. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé ni. Jọ̀ọ́, máa bá mi sọ̀rọ̀."

Iná kú. Lẹ́yìn gíláàsì, onírun ewé na àtàǹpàkò méjèèjì sókè. Ó ní òun ò gbọ́ ìbínú tó wọni lára tó yẹn rí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: Ìbínú Keje. Kò béèrè ohun tí mo sọ, mi ò sì sọ fún un. Ìkẹjọ títí dé ìkẹwàá, tí ẹ bá pa mí, mi ò rántí ohun tí mo sọ níbẹ̀.

Inú tram ni orí mi ti wálé. Ohun tí mi ò lè sọ fún ọmọ mi ní kíṣìnì, mo ti lọ gbé e fún àwọn òyìnbó kí wọ́n bá mi fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Á gbọ́ ọ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan náà tí mo ti dójú tì í níwájú wọn. Mo ti fojú inú rí onírun pupa tó ń gbé ọwọ́ sókè. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ géèmù náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi yọ ìkeje kúrò. Èsì dé, ó kún fún ayọ̀: wọ́n ti dì í pa, kò ṣeé tú mọ́, ẹ̀wẹ̀, Ìbínú Keje ni gbogbo ilé iṣẹ́ fẹ́ràn jù, ẹni tó ń yàwòrán erin ti sọ ọ́ di ohun tí fóònù rẹ̀ fi ń dún.

Ohun kan ṣoṣo ló tù mí nínú. Ọmọ náà ò gbọ́ Yorùbá. Ọdún mẹ́tàlá rèé tí mo ti ń sọ ọ́ sí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn, mo sì ti gbà pé "wá jẹun" àti "ó tó" nìkan ló wọlé sí i létí. Kí n lè dá ara mi lójú, mo dán an wò nídìí oúnjẹ. Mo rọra sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé ilé ń jó. Ó ń tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ló dìde lọ wo gáàsì. Ọkàn mi balẹ̀, ó sì tún dùn mí. Mo jẹun mi tán.

Ọjọ́ Saturday náà pé. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lọ́sàn-án, wọ́n kí mi wẹ́rẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára mi wọ pálọ̀. Èmi wà ní kíṣìnì, mò ń dín dodo, ògiri tó wà láàárín wa ò nípọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí ìjọba tí wọ́n máa yàn. Wọ́n yan ti wúrà nítorí erin.

"Ẹ káàárọ̀," mo sọ nínú pálọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tún tẹ̀ ẹ́, mo tún kí wọn. Onírun pupa ní ohùn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ. Mo pa iná sítóòfù kí n lè gbọ́ èsì. Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ti bàbá òun.

Ogun náà kọ́kọ́ lọ dáadáa. Wọ́n kọ́ odi, wọ́n wa wúrà, àwọn iwin wá, wọ́n lé wọn padà. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n borí yẹn ni onírun pupa rí ibi tí ìwà pálapàla yẹn wà. Ó ń tẹ arúgbó kan nínú àwọn tó ń wa wúrà, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò rán an níṣẹ́.

"Mo gbọ́."

Mo gbé dodo, mo sáré wọlé. Mo ní kí wọ́n jẹun. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, ọwọ́ kan wà nínú dodo, ọwọ́ kejì ṣì ń tẹ̀. Ọmọ mi ò wò mí. "Ṣé ọwọ́ ń yún ẹ ni?" Mo jáde lọ fa wáyà Wi-Fi yọ. Géèmù ò bìkítà, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà látàárọ̀. "Lọ tẹ ẹlòmíì." Mo bọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí àpótí iná wà, mo ṣí i, mo fi ìka lé búrékà gbogbo ilé. Ẹ̀rín ń pọ̀ sí i nínú pálọ̀. "Ọmọ ẹnì kan lèmi náà o." "Ó tó gẹ́ẹ́."

Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ti rò ó títí, mo fẹ́ parọ́ pé ọkàn akin ló dé sí mi lójijì, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kó gbọ́. Mo fẹ́ kó gbọ́ láìjẹ́ pé èmi ni màá sọ ọ́.

Mo gbọ́ ara mi látòkè délẹ̀, láti "Má bínú, ọmọ mi" títí dé "máa bá mi sọ̀rọ̀." Ohùn yẹn kéré ju bí mo ṣe rò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Onírun pupa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní èdè yín nìyẹn, àbí, kí ló ń sọ? Onírun pupa tún béèrè. Tí ọmọ mi ò bá gbọ́ ọ, gbogbo ohun tó máa sọ ò ju pé òun ò mọ̀, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó kéré ju èyí lọ.

"Ó ní wúrà ti tán níbi tí òun ti ń wa á," ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. "Ó ń béèrè ibi tí òun tún máa gbẹ́."

Onírun pupa ní ó mà bà á nínú jẹ́ gan-an o, nítorí wúrà lásán. Ọmọ mi ní arúgbó ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tún fẹ́ tẹ arúgbó náà. Ọmọ mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Títí dòní, tí ẹ bá lọ síbi tí àwọn tó ń gbá géèmù náà ti ń kọ nǹkan síra wọn, wọ́n á sọ fún yín pẹ̀lú ìdánilójú pé arúgbó oníwúrà yẹn ń béèrè ibi tí òun tún máa gbẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń ṣàlàyé ohun tí ìyẹn fi hàn nípa àṣà wa. Onírun pupa ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Èmi ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ Yorùbá. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ń gbọ́ mi, gbogbo ohun tí mo sọ níbi tram, gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́, ó gbọ́ ti ìyá tó bí i. Ó tiẹ̀ gbọ́ nígbà tí mo ní ilé ń jó; ó kàn mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè ti àpótí iná.

Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí, ó jáde, ó pa á dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó rí mi, ó rí ibi tí ọwọ́ mi wà. Kò béèrè ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé, dádì. Èmi nìkan lẹ ò tíì sọ ọ́ fún."

Mo ní dodo ṣì wà ní kíṣìnì. Ó mi orí. Nínú pálọ̀, wọ́n ń pè é pé àwọn iwin ti dé ẹnu odi, kó yáa máa bọ̀. Kò yí orí padà. Ó dúró síwájú mi, ó ń wò mí, ó ń dúró.

Mo ní, "Má bínú."

Ó ní òun ò gbọ́.

Mo tún un sọ.